Ilé ìgbẹ̀bí oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà: owó tó ń wọlé kò ká èyí tó ń jáde mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

DókítàÀpáta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Dókítà àwọn aláboyún ni mí ní Ìbàdàn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àpáta: bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, yàrá ìrọbí kan, yàrá iṣẹ́ abẹ kan. Agbẹ̀bí mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ méjì, ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń fọ ilé àti ọlọ́dẹ.

Ẹ jẹ́ kí n tú owó oṣù tó kọjá kalẹ̀ bó ṣe rí, torí bí mo bá ń bò ó, ẹ ò ní lè ràn mí lọ́wọ́. Obìnrin mọ́kànlá ló bímọ fúnra wọn, ₦90,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Méjì la ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ₦380,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó jẹ́ ₦1,750,000. ₦1,290,000 ló dé ọwọ́ mi. ₦460,000 tó kù wà lọ́rùn àwọn tó bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sílé. Ohun tó jáde rèé: owó oṣù òṣìṣẹ́ ₦790,000, dísù ₦280,000, oògùn, ìbọ̀wọ́ àti òwú ₦310,000, dókítà tó ń kun ni lóorun, tí mo máa ń pè látìta, ₦120,000. Ìnáwó fi ₦210,000 ju ohun tó wọlé lọ. Láti oṣù kẹta ni mi ò ti san kọ́bọ̀ fún ara mi.

Ọkọ mi ní kí n ti yàrá ìrọbí pa, kí n máa wo ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń rọbí ní agogo méjì òru ní àdúgbò yìí, ibo ni yóò sá lọ? Láti ọ̀dọ̀ wa dé ilé ìwòsàn ìjọba Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù kì í ṣe ọ̀nà kékeré lóru, pàápàá fún ẹni tí kò ní ọkọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kí ló gbà yín?

ÌyáÀgbàAgbẹ̀bí

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ọlọ́run yóò máa jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìn tì, mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ sì jẹ́ nínú ilé tèmi.

Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ lo ń béèrè owó. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ owó. Obìnrin ń ké, ọkọ ń gbọ̀n, ìyá ọkọ ń gbàdúrà. Ìlérí yòówù tí wọ́n bá ṣe fún ọ nígbà yẹn, ẹ̀rù ló ń sọ ọ́ lẹ́nu wọn. Kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ owó ti parí.

Gbogbo wa la mọ káàdì alájọ. Irú rẹ̀ ni mo tẹ̀ fún àwọn aláboyún mi. Lọ́jọ́ tí obìnrin bá wá forúkọ sílẹ̀, mo máa ń ní kó padà wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Bí ọkọ ò bá sí nítòsí, kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Gbogbo owó ni màá kà sí wọn létí: iye tí ìbímọ lásán jẹ́, iye tí iṣẹ́ abẹ jẹ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀, iye tí àpò ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọkọ gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà la ó pín in sí ọ̀sẹ̀ tó kù. Bí o bá gbé owó rẹ sí ₦115,000, tí obìnrin sì forúkọ sílẹ̀ nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 16, ogún ọ̀sẹ̀ ló kù kó tó di 36. ₦5,750 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ń tajà ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kò tó ₦1,000 lójúmọ́. Òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dá àjọ, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ ọ níbẹ̀.

Ohun méjì ló mú kí wọ́n gbà mí gbọ́. Àkọ́kọ́, bí ó bá bímọ síbòmíràn, mo máa ń dá owó rẹ̀ padà, mi ò sì ń fi ìbínú dá a padà. Èkejì, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni owó àjọ yẹn ń lọ. Mi ò fi ra dísù rí, mi ò fi san owó oṣù rí. Owó aláboyún kì í ṣe tìrẹ títí ọmọ yóò fi ké. Mo rí ilé ìgbẹ̀bí kan tó wó nítorí pé wọ́n ti ná owó àwọn tó máa bí ní oṣù karùn-ún tán lóṣù kejì.

Àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ rí, tó jẹ́ pé ìrọbí ló gbé wọn wá, wọn yóò máa wá. Gbà wọ́n. Fi owó tó o bá lè pàdánù lóṣù sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí wọn, kó o sì mọ iye rẹ̀.

OníṣiròÌbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìwé owó ilé ìwòsàn ni mo ń bá wọn ṣe, mo sì ti rí ìṣirò bíi tiyín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ pé ₦90,000 ni kí ẹ gbà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò pọ̀. Owó oṣù àti dísù, bóyá ènìyàn bímọ o, bóyá wọn ò bímọ o, ẹ máa san wọ́n. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦1,070,000. Ẹ pín in sí ìbímọ mẹ́tàlá tó wáyé lóṣù yẹn, ó ju ₦82,000 lọ lórí ìbímọ kan. Ẹ ò tíì já pálí ìbọ̀wọ́ kan. Ẹ wá pín ₦310,000 oògùn sí mẹ́tàlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦24,000. Ìbímọ kan ń ná yín ní nǹkan bí ₦106,000, ẹ sì ń gba ₦90,000. Gbogbo obìnrin tó bá bímọ fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ fi ₦16,000 kún un kó tó lọ sílé.

Ta ló wá ń dí àlàfo náà? Àwọn méjì tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni. Ibí yìí ló ń dùn mí nínú iṣẹ́ yín, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kà á dáadáa. Ilé tí iṣẹ́ abẹ ń bọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò máa wá iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe pé dókítà náà burú. Agogo mẹ́ta òru ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, owó oṣù kù ọ̀la, obìnrin kan ń rọbí lọ́ra. Ọkàn rẹ̀ yóò tètè yíjú sí ọ̀bẹ ju bó ṣe yẹ lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbímọ lásán lè gbé ara rẹ̀, kí ọwọ́ yín lè mọ́ nígbà tí ẹ bá ń pinnu.

Mo tún ní ìbéèrè. Owó káàdì dà? Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, skáànù, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìfètò-sọ́mọ-bíbí? Mi ò rí ìkankan nínú ohun tí ẹ kọ.

DókítàÀpáta

Ẹ ṣeun, sà. ₦15,000 ni mo ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìforúkọsílẹ̀, ó sì ti kó gbogbo àyẹ̀wò títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mọ́ra. Inú owó ìbímọ ni mo ti ń yọ ọ́, mi ò kọ ọ́ lọ́tọ̀. Skáànù, ìta ni mo ń rán wọn lọ. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí wọ́n bá béèrè.

Mo ka ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun.

OníṣiròÌbàdàn

₦15,000 fún oṣù mẹ́fà ìtọ́jú, Dókítà, ẹ̀bùn nìyẹn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kọ iye owó ohun kọ̀ọ̀kan sára ògiri níbi tí ẹni tó bá jókòó yóò ti rí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ọjà kún iṣẹ́ ìtọ́jú fún yín, òfin ti yọ iṣẹ́ ìṣègùn kúrò nínú owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT.

ÌyáÌbejìAbẹ́òkúta

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ẹni tó jẹ gbèsè ni mí.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn ìbejì mi jáde, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ iye owó fún wa rí títí tí mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí owó ò pé, wọ́n ní n ò lè lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà ti ní ara mi ti yá. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi owó bẹ́ẹ̀dì kún gbèsè. Nọ́ọ̀sì á kọjá, kò ní wo ojú mi. Ọkọ mi ta ọ̀kadà tó fi ń ṣiṣẹ́ kó tó san án, a sì padà sílé láìní ohun tí a ó fi máa wá oúnjẹ ọ̀la.

Nígbà tí mo lóyún èkejì, mi ò lọ sí ilé ìwòsàn kankan. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ ni mo lọ. Ọlọ́run ṣàánú mi, mo bí láyọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ewu tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ohun tí mo fẹ́ kí Dókítà mọ̀ ni pé owó náà kọ́ ló lé mi, àìmọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ti jókòó tì wá ní oṣù kẹrin bí Màmá Ìjẹ̀bú ṣe wí, à bá ti dá owó náà.

Agbẹjọ́ròÒǹkàwé

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò bófin mu. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ló dá òmìnira ara ẹni sí, gbèsè ilé ìwòsàn kò sì sí nínú ohun tó lè gbà á lọ́wọ́ ènìyàn.

Dókítà, ẹ̀yin náà ẹ fetí sí èyí. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Nítorí náà ẹ ò lè ti ẹni tó ń rọbí síta torí owó, ẹ ò sì lè tì í mọ́lé lẹ́yìn tó bá bí. Àárín àwọn méjèèjì lẹ ti máa rí owó yín. Ẹ ṣe ìwé àdéhùn lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí onídùúró kan tó níṣẹ́ lọ́wọ́ fọwọ́ sí i. Bí gbèsè bá ṣẹ́ kù, ẹ pín in sí oṣù, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san ọ̀kọ̀ọ̀kan. Onídùúró lẹ máa pè lórí fóònù, ẹ má da abiyamọ láàmú.

DókítàIlẹ́ṣà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. ₦280,000 dísù yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èmi náà gbé e kọ́rùn báyìí rí. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ epo ni nǹkan ti yí padà. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n tún gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lójúmọ́, láti ₦68 sí ₦225 lórí ẹyọ iná kan. Mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ilé mi sílẹ̀, mo wá bi ara mi pé èwo nínú wọn ni obìnrin lè torí rẹ̀ kú bí iná bá lọ. Wọn ò pọ̀: iná orí bẹ́ẹ̀dì ìrọbí, iná yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́nu ọmọ, ẹ̀rọ ọ́síjìn, fìríìjì oògùn. Àwọn yẹn nìkan ni mo gbé sórí sólà. Mi ò gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ìkòkò tí a fi ń se irinṣẹ́, mo ra èyí tí wọ́n ń gbé ka iná gáàsì. Jẹnẹrétọ̀ mi ò tíì kúrò, àmọ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń dún.

Ẹ má fi fìríìjì yẹn ṣeré. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, ń fẹ́ ìwọ̀n otútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí iná bá lọ ní ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ sì tún gún un fún abiyamọ, omi lásán lè jẹ́ ohun tí ẹ gún. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà, ẹ ó máa wá àpò ẹ̀jẹ̀ kiri, ẹ ó sáré gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ìbàdàn. Kí a tó sọ ti ẹ̀mí ènìyàn pàápàá, kò sí ohun tó ń jẹ owó ilé ìgbẹ̀bí kékeré bí ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ní misoprostol nílé, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò nílò fìríìjì. Ẹ ní tranexamic acid, tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kù, kí ẹ sì fún abiyamọ láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ra ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ abiyamọ, tó ní ìlà tí ẹ lè fi mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà. Ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n gbé jáde ní 2023, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe é, fi hàn pé lílo ọ̀rá yẹn pẹ̀lú ìtọ́jú kíákíá, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dín ìṣòro ẹ̀jẹ̀ ńlá kù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá lásán ni, kò wọ́n.

Lórí owó sólà, ẹ má sún mọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Medical Credit Fund wà fún àwọn ilé ìwòsàn kékeré bíi tiwa, Bank of Industry náà wà. Ìwé owó tí Oníṣirò ń sọ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Agbẹ̀bíLọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀kan nínú àwọn tó sá lọ ni mí, mo sì fẹ́ sọ òtítọ́ ìdí rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rù pé agbẹ̀bí yín á lọ wà lọ́kàn yín.

Gbogbo ènìyàn ló rò pé pọ́n-ún ló fà mí. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nílé, oṣù mẹ́ta ni wọn ò san owó fún wa, ọ̀gá wa ò sì bá wa sọ nǹkan kan. Ó kàn ń yẹra fún wa ni. Ká ní ó pè wá jókòó, kó ní "ẹ̀yin ọmọ mi, báyìí ni nǹkan rí," mi ò rò pé ǹ bá ti lọ lọ́dún yẹn. Ẹ yan ọjọ́ kan tí ẹ máa ń san owó, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ní pé, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ má sì mú wọn fọwọ́ sí ìwé pé wọn ò ní lọ fún ọdún mélòó kan. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà.

ỌmọÀkúrẹ́

Ẹ̀rù ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ìjọba náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ṣí Mother and Child Hospital ní Àkúrẹ́ ní 2010, lábẹ́ ètò Abíyẹ, tí ìjọba Oǹdó fi ń tọ́jú aláboyún lọ́fẹ̀ẹ́, ilé ìgbẹ̀bí tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn rò pé ó ti parí fún wa. Ohun ayọ̀ ni fún àwọn obìnrin, mi ò ní purọ́. Àmọ́ a ò lè fi owó bá ọ̀fẹ́ díje, a ò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Àwọn tó dúró tì wá sọ fún wa pé agbẹ̀bí kan náà ló ń wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé a máa ń pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n bá délé. Nǹkan tí kò ju káàdì fóònù lọ.

DókítàÀpáta

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín kò jẹ́ kí n sùn. Mi ò ti ènìyàn mọ́lé rí, ṣùgbọ́n èmi náà kì í sọ iye owó títí di ìparí.

Mo gbàgbé láti béèrè nípa HMO, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ń bá àwọn èèyàn wọn san owó ìtọ́jú. Méjì nínú wọn ń fẹ́ kí n gba àwọn èèyàn wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sá fún wọn, pé wọ́n máa ń jẹ ni ní gbèsè.

DókítàIlẹ́ṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sá, ẹ kàn máa ṣọ́ra. Láti 2022 ni òfin NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀nà ń lọ. Ní 2025 wọ́n gbé owó tí wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó yàn án láti ₦750 sí ₦1,450 lóṣù. Bí igba ènìyàn bá yan ilé yín, ₦290,000 ni yóò máa wọlé lóṣù, bóyá wọ́n ṣàìsàn o, bóyá wọn ò ṣàìsàn. Ìyẹn ju dísù yín lọ. Ti ìpínlẹ̀ yín náà wà, OYSHIA, ẹ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni ibi tí wàhálà ti máa ń wá. Ẹ gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ HMO kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. NHIA ti ní kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kí HMO tó fún yín. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ ṣe iṣẹ́ yín, kí nọ́ọ̀sì máa kọ àkókò tí ẹ pè wọ́n sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí owó HMO kan ṣoṣo ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé lọ, kí ìdádúró tiwọn má bàa di ebi àwọn òṣìṣẹ́ yín. Àti pé láti oṣù kọkànlá 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde iṣẹ́ abẹ ìbímọ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò lówó, ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ wádìí èyí tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ mọ ibi tí ẹ lè darí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ sí nígbà tí àkókò ṣì wà.

DókítàÀpáta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti gbé owó sí ₦115,000, mo sì kọ ọ́ sára ògiri. Obìnrin méjì bínú lọ. Mẹ́sàn-án gba káàdì ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó kọjá, ọkọ mẹ́fà sì tẹ̀ lé wọn wá. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ṣe birikilà, ní òun ò mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọkùnrin. Ibẹ̀ ló ti fi ₦3,000 sílẹ̀. Mo ti ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Mo pe àwọn agbẹ̀bí mi jókòó, mo fi ìwé owó hàn wọ́n bó ṣe rí, ọ̀kan sunkún, mo sì bá a sunkún. Ọkọ mi ti ń wá iye tí sólà kékeré jẹ́. Yàrá ìrọbí ṣì wà ní ṣíṣí.

Nípa ₦460,000 àtijọ́ yẹn, àwọn kan ti ń san án wẹ́wẹ́. Àmọ́ ìyá kan láti Ìdó gbé iṣu ogún wá láàárọ̀ yìí. Ó ní kò sí owó, pé oko ọkọ òun ló so yìí. Màmá, kí ni kí n ṣe sí i?

ÌyáÀgbàAgbẹ̀bí

Gbà á, ọmọ mi. Rán ẹnì kan lọ sí ọjà Bódìjà kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lónìí. Kọ iye yẹn sínú káàdì rẹ̀ níwájú rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì mọ iye tó kù. Pín iṣu náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ. Kó tó lọ, bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ lo ṣe fún un, yẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wò, kó o sì bi í bóyá ọmọ ń mu ọyàn dáadáa.